Òkúta Ọ̀tún

Orí ẹ̀rọ ìránṣọ Àǹtí Morẹ́nikẹ́ ló fà á.
Irin dúdú, àwọ̀ wúrà ara rẹ̀ ti bó níbi tí ọwọ́ ń gbà kọjá.
Ogún ọdún ó lé ni wọ́n fi jókòó tì í lójú fèrèsé n'Ísàlẹ̀-Ọ̀ṣun,
wọ́n ń gán ẹsẹ̀ ṣòkòtò, wọ́n ń fi owó rẹ̀ rán mi níwèé.
Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní:
"Gbé e fún Ọlátóóyè ní Mínnà. Má fi rán awakọ̀.
Ọwọ́ rẹ ni kó o fi gbé e lé e lọ́wọ́."

Èmi rèé lálẹ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìnkùlé wa l'Òkè-Bàálẹ̀,
tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, okùn rọ́bà lọ́rùn,
mò ń yí alùpùpù po bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò iléyá.

Mo dì, mo tú.
Sípánà mẹ́sàn-án, púlọ́ọ̀gì kan tó ṣì wà nínú páálí,
rọ́bà inú táyà, ọ́ìlì nínú ike omi,
ṣẹ́ẹ̀tì méjì (ẹ̀kẹta ni mo yọ sílẹ̀, mo tún mú un, mo tún yọ ọ́).

Fadérera gbé kúbùsù wá. Ó tún gbé ìrọ̀rí.
"Ìrọ̀rí kẹ̀?"
"Ibi tó o bá sùn sí ní Jẹ́bà ńkọ́?"
"Màá fi apá rọrí."
Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí padà wọlé,
ó fi gààrì kóńgò méjì rọ́pò rẹ̀.

Múráínà tó ń lẹ táyà lọ́nà Ìkìrun ti kìlọ̀ fún mi lọ́sàn-án:
"Èyí tó wúwo, ìsàlẹ̀. Èyí tójò ò gbọdọ̀ rí, ọ̀rá méjì.
Èyí tó o máa kọ́kọ́ wá lọ́nà, òun ni kó o dì gbẹ̀yìn."
Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí.
Èyí tí Àǹtí dì gbẹ̀yìn fún mi
ni mò ń kọ́kọ́ wá láràárọ̀.

Ẹ̀rọ wà lápá òsì, nínú àpò tapólìn.
Alùpùpù wọ́ sí òsì bí ẹni tí etí ń dùn.
Mo kó sípánà sọ́tùn-ún. Ó kù.
Mo kó gààrì sí i. Ó kù.
Iṣu méjì. Ó ṣì kù díẹ̀,
díẹ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn.
Mo lọ gbé òkúta tí a fi ń dá ilẹ̀kùn ilé adìyẹ dúró.

"Òkúta! Ò ń gbé òkúta lọ sí Mínnà,
ìlú tí àpáta yí ká?"
Mo ní ọ̀nà kì í bi àpò pé kí ló rù,
ìwọ̀n nìkan ló ń bi í.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.
Àwọn adìyẹ jí.

Ìkìrun, Ọ̀fà, Ìlọrin. Ká sùn ní Jẹ́bà létí odò Ọya.
Mọ́kwà. Bídà. Mo ń ka orúkọ ìlú
bí mo ṣe ń ta kókó okùn,
kókó kan fún ìlú kan.

Aago márùn-ún kọjá. Kùrukùru ń bọ̀ láti apá odò.
Mo mi alùpùpù: kò yẹ̀ sósì, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún.
Mo ń wá ẹni tí màá fi hàn.

Fadérera jáde. Ó fọwọ́ tẹ àga, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i,
bí ìgbà tó ń wò bóyá àgbàdo ti gbó.
"Bí o bá sún kúbùsù yẹn sẹ́yìn díẹ̀," ó ní,
"ẹnì kan á gbà síbí."
Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ìrọ̀rí sì wà lábíyá rẹ̀.

Mi ò wí nǹkan kan.
Mo ti tọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.